Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Nìkan Kò Tó Láti Fi Dá Ẹjọ́ Làkúrègbé

Ẹni tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ń gan láràárọ̀, tí kò lè fún aṣọ tó ń fọ̀ tàbí kí ó de bọ́tìnnì títí oòrùn á fi ga, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé láàbù tí wọ́n kọ “negative” sí dá a padà sílé. Ẹni tí wọ́n sì kọ “positive” fún, tí oríkèé kankan kò wú lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn líle mì. Àṣìṣe méjèèjì wọ́pọ̀ láàárín wa, méjèèjì ló sì ń pa ènìyàn lára. Ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ làkúrègbé, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan péré ni. Oríkèé fúnra rẹ̀ ló yẹ kí dókítà kọ́kọ́ bi léèrè.

Làkúrègbé pọ̀ níran. Èyí tí ọjọ́ orí ń fà, tó máa ń mú orúnkún àti ìbàdí àwọn àgbà, kọ́ ni mò ń sọ. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis ni, tí wọ́n ń gé kúrú sí RA. Nínú àìsàn yìí, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà á ṣìnà, á kọjú ìjà sí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé. Awọ náà á wú, á nípọn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ egungun tó wà nítòsí rẹ̀. Àwọn oríkèé kéékèèké ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, tọ̀tún tòsì lápapọ̀. Bí ènìyàn bá jí, ara á gan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dẹ̀. Obìnrin tó ń ní in tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ọkùnrin, kì í sì í ṣe àìsàn arúgbó: ọ̀pọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lára wọn láàárín ọjọ́ orí 30 sí 60, nígbà tí ènìyàn ṣì ń ṣiṣẹ́, tó ṣì ń tọ́mọ. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, tí kò bá sí ìtọ́jú, egungun lè ti máa jẹ, èyí tó bá sì ti jẹ kì í hù padà. Ìdí nìyí tí ìfàsẹ́yìn oṣù mélòó kan nítorí ìwé àyẹ̀wò kan fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣègùn gbà pé àìsàn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín ènìyàn dúdú. Ní 1993, ìwádìí kan jáde nínú Journal of Rheumatology tó ròyìn pé láàárín àwọn ará ìgbèríko Nàìjíríà tí wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò rí ẹnì kankan tó ní RA. Ṣùgbọ́n ní 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn igba aláìsàn RA tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ní kíníìkì wọn ní Nàìjíríà jáde. Igba ènìyàn nìyẹn, ní kíníìkì kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ẹni tó bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àìsàn kan kò sí kò ní wá a, èsì àyẹ̀wò kan tó bá sì sọ pé kò sí i á tètè tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ láàbù wa ń ṣe ni rheumatoid factor, RF. Erik Waaler ló rí ipasẹ̀ rẹ̀ ní Norway ní 1940, Harry Rose àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì tún bá a pàdé ní New York ní 1948. Ó ti pẹ́ láyé, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní RA, bí 70 sí 80 ni ìwádìí òkè òkun sábà máa ń rí i lára wọn. Àwọn tó kù ńkọ́? Àìsàn ń jẹ oríkèé wọn bí ti àwọn yòókù, síbẹ̀ ìwé wọn á máa ka “negative”. Ní ìdàkejì, RF máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò ní RA rárá: àwọn tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú, àwọn tó ní ikọ́ ife, àwọn tí ibà ti ń bá jà, àwọn àgbàlagbà kan tí nǹkan kan kò ṣe. Nílẹ̀ tí ibà àti mẹ́dọ̀wú ti wọ́pọ̀ báyìí, ẹni tó bá ń fi RF nìkan sọ ènìyàn di aláìsàn RA yóò ṣìnà léraléra.

Èyí tó ṣeé gbára lé jù ú lọ ni anti-CCP, tí àwọn olùwádìí ní Netherlands tẹ iṣẹ́ tó bí i jáde ní 1998. Tí ènìyàn ọgọ́rùn-ún tí kò ní RA bá ṣe é, nǹkan bí 95 nínú wọn ni èsì rẹ̀ á sọ òótọ́ fún. Síbẹ̀ ó máa ń fo bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní àìsàn náà, ikọ́ ife sì lè mú un jáde lára àwọn kan. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tó yẹ ká mọ̀. Ní Netherlands kan náà, wọ́n padà lọ wo ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti fi tọrẹ ṣáájú kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ lára wọn, wọ́n sì ròyìn ní 2004 pé anti-CCP àti RF ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ní ọ̀pọ̀ ọdún kí oríkèé wọn tó ro wọ́n rárá. Nítorí náà, ẹni tí anti-CCP rẹ̀ bá wà, tí oríkèé rẹ̀ kò sì wú, kí ó máa fojú sí ara rẹ̀, kí ó máa padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, tó bá sì ń mu sìgá, kí ó jáwọ́, nítorí sìgá wà lára ohun tó ń tì àìsàn yìí síwájú. Kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa tọ́jú òun fún ohun tí kò tíì dé.

Owó yín ni mo fẹ́ gbà là níbí yìí. RF àti anti-CCP ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ irú àìsàn tó jẹ́, wọ́n sì lè tọ́ka sí ẹni tí àìsàn náà lè le lára rẹ̀. Wọn kì í sọ bí àìsàn ṣe ń jà tó lónìí. RF lè wà níbi tó wà nígbà tí ara ti dẹ̀ pátápátá. Ẹni tí wọ́n bá ń sọ fún pé kí ó máa tún un ṣe lóṣooṣù kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, kí ó bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, kí ó sì fi owó náà ra oògùn.

Àyẹ̀wò méjì tó ń sọ bí ara ṣe ń gbóná tó ni ESR àti CRP. Ti ESR kò ṣòro láti lóye: wọ́n á rọ ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá tínínrín, wọ́n á nà án ró, lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n á wo iye milimítà tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti rì. Nígbà tí ara bá ń wú, purotéènì bíi fibrinogen á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á sì tètè rì. Láti ìgbà Robert Fåhraeus àti Alf Westergren ní Sweden, láàárín 1918 sí 1921, ni àyẹ̀wò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú un ga pọ̀ ju RA lọ: àìtó ẹ̀jẹ̀, oyún, àìsàn kíndìnrín, kòkòrò àrùn èyíkéyìí, àti ọjọ́ orí lásán. Ìṣirò kan wà tí àwọn dókítà máa ń lò. Fún ọkùnrin, ẹ pín ọjọ́ orí rẹ̀ sí méjì. Fún obìnrin, ẹ fi 10 kún ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó pín in. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tí ESR rẹ̀ jẹ́ 35 kò tíì kọjá ààlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láàbù lè fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá tó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí yàrá tó bá gbóná jù nítorí pé iná ti lọ, lè gbé e ga. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ jù nílẹ̀ kí wọ́n tó lò ó lè mú un wálẹ̀.

Ọ̀kan wà tí àwa gan-an kò gbọdọ̀ gbàgbé. Lára ẹni tó ní SS (sickle cell), sẹ́ẹ̀lì pupa tí ìrísí rẹ̀ ti yí padà kì í lè lẹ̀ mọ́ra wọn bó ṣe yẹ, nítorí náà ESR rẹ̀ sábà máa ń wà nílẹ̀ kódà nígbà tí ara rẹ̀ ń jó. A ti mọ̀ pé ìrora egungun kì í jìnnà sí àwọn ọmọ wa tó ní SS. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wá ní oríkèé ọwọ́ tó ń wú tọ̀tún tòsì, ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ “crisis” nítorí pé ESR kéré.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe CRP. Níbi tí ara bá ti ń wú, èròjà kan tó ń jẹ́ interleukin-6 á ta ẹ̀dọ̀ lólobó, láàárín wákàtí díẹ̀ CRP á ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Tí wíwú náà bá rọlẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti lọ láàárín nǹkan bíi wákàtí 19. Ìdí nìyí tó fi máa ń tètè sọ ìyàtọ̀ ju ESR lọ. William Tillett àti Thomas Francis ló rí i ní New York ní 1930, lára àwọn tó ní òtútù àyà, kì í ṣe lára oníṣòro oríkèé. Ohunkóhun tó bá mú ara gbóná ló ń gbé e ga: ibà, eyín tó kẹ̀, ọgbẹ́ ẹsẹ̀; ara tó sanra jù náà lè gbé e ga díẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Láàbù kan á kọ mg/L, òmíràn á kọ mg/dL, ìyàtọ̀ ìlọ́po mẹ́wàá ló sì wà láàárín wọn: 12 ní ọ̀kan jẹ́ 1.2 ní èkejì. Ẹni tó bá kúrò ní láàbù kan bọ́ sí òmíràn láìwo èyí lè máa jó fún ìwòsàn tí kò ṣẹlẹ̀, tàbí kí ẹ̀rù máa bà á lásán. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ máa lo láàbù kan náà.

Èsì ESR tàbí CRP tó bá ga rọrùn láti ṣàlàyé. Èyí tó wà nílẹ̀ ló léwu jù. Ìwádìí lórí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti fi hàn pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà, bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni ESR tàbí CRP wọn kò ga, tí oríkèé wọn sì ń wú lójúkorojú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí dókítà kò bá fọwọ́ kan ìka yín, tí kò tẹ ọrùn ọwọ́ yín, tí kò bọ́ bàtà yín wo ẹsẹ̀, tó kàn wo ìwé tó ní ara yín ti balẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọwọ́ mi.” Ìyẹn kò rí i fín. Ara yín ni.

Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti prednisolone àti dexamethasone. Wọ́n ń tà wọ́n ní kẹ́mísìì láìsí ìwé dókítà, wọ́n ń kó wọn mọ́ àwọn oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, àwọn kan sì ń lọ̀ wọ́n sínú àgbo tí wọ́n ní ewé àti egbò nìkan ló wà nínú rẹ̀. Aláìsàn á lò ó lónìí, lọ́la á dìde bí ẹni tí kò ṣe rí. CRP á wálẹ̀. Tí ó bá lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yẹn, ìwé náà á mọ́, dókítà tí kò mọ ohun tó wà nínú ìgò àgbo náà á ní àìsàn ti lọ. Oògùn ọ̀hún pa ariwo àìsàn náà lẹ́nu fúngbà díẹ̀, kò sì pa àìsàn. Bí ó bá dá a dúró, oríkèé á tún wú, nígbà mìíràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá ń lò ó lọ fún oṣù àti ọdún, ojú á wú, ìfúnpá á ga, ṣúgà á ga, egungun á di ẹlẹgẹ́, ara á sì di ibi tí kòkòrò lè wọ̀ bó ṣe fẹ́. Ẹni tó ti lò ó pẹ́ kò sì gbọdọ̀ jù ú nù lójijì, nítorí ara rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti pèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀; ó lè dákú, ó lè kú. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà á dín in kù.

N kò sọ pé dókítà kì í kọ prednisolone fún RA. Wọ́n máa ń kọ ọ́, ní ìwọ̀n kékeré, fún ìgbà kúkúrú, nígbà tí wọ́n ń dúró de oògùn tó ń dá àìsàn náà dúró. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti lò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín: àgbo, ọ̀rá àpòpọ̀, abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì àdúgbò gún. Ẹ má tijú. Diclofenac, ibuprofen àti àwọn ìbátan wọn náà ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n wọn kì í dá egungun tó ń jẹ dúró, wọ́n sì lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn tàbí kí wọ́n ba kíndìnrín jẹ́.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ bí àìsàn náà ṣe ń jà tó? A ń ka oríkèé. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n: èjìká méjì, ìgúnpá méjì, ọrùn ọwọ́ méjì, oríkèé ogún ní ìka ọwọ́ méjèèjì, orúnkún méjì. Dókítà á tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ka iye tó ń dun aláìsàn, á ka iye tó wú. Aláìsàn á fún ara rẹ̀ ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá lórí bí àìsàn ṣe ń ṣe é sí, dókítà náà á fún un ní tirẹ̀. Wọ́n á ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní CDAI, tí Daniel Aletaha, Josef Smolen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Vienna gbé jáde ní 2005, nínú iṣẹ́ kan tí àkọlé rẹ̀ gan-an sọ pé díẹ̀ ni ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń fi kún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ 2.8 tàbí kí ó kéré sí i, àìsàn ti sùn. Títí dé 10, ó rọlẹ̀. Láti ibẹ̀ dé 22, ó wà láàárín. Tó bá kọjá 22, ó ń jà gan-an. Ìyá kan tí oríkèé mẹ́rin ń dùn, tí mẹ́ta wú, tó fún ara rẹ̀ ní 5, tí dókítà fún ní 4, ti ní 16. CRP rẹ̀ ì báà jẹ́ 3 mg/L, oògùn rẹ̀ kò tíì tó.

Ìṣirò mìíràn wà tó ń jẹ́ DAS28, tó fi ESR tàbí CRP kún un. Ó dára, ṣùgbọ́n lára ẹni tí ESR rẹ̀ kì í ga, ó lè fi àìsàn hàn ní kékeré ju bó ṣe rí lọ. Méjèèjì ni kò ka ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń ro bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Kíkà yìí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀ ní láàbù, èso rẹ̀ sì ti hàn. Ní Glasgow, ìwádìí tó ń jẹ́ TICORA, tó jáde ní 2004, pín aláìsàn bíi 110 sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń rí dókítà bí wọ́n ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù ń rí i lóṣooṣù. Wọ́n á ka oríkèé wọn, wọ́n á ṣírò rẹ̀, tí kò bá tíì wálẹ̀ tó, wọ́n á fi kún oògùn. Lẹ́yìn oṣù 18, àìsàn ti sùn lára 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ lé lóṣooṣù, ó sì sùn lára 16 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kù. Kì í ṣe oògùn olówó gọbọi ni wọ́n lò. Lára èyí tí wọ́n lò ni methotrexate, sulfasalazine àti hydroxychloroquine, àwọn tí a lè rí rà níbí.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ methotrexate, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí ketekete: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún làkúrègbé. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sára páálí oògùn náà. Àwọn tó lò ó lójoojúmọ́ nítorí àṣìgbọ́ ti kú. Aboyún tàbí ẹni tó fẹ́ lóyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á yẹ mẹ́dọ̀wú wò; lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á máa wo ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti iye ẹ̀jẹ̀ yín látìgbàdégbà. Ti ààbò nìwọ̀nyí, wọ́n yàtọ̀ sí ESR àti CRP. Ẹni tí owó kò tó fún gbogbo rẹ̀, kí ó fi RF sílẹ̀, kí ó má fi àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n tó kọ sulfasalazine fún yín, ẹ béèrè nípa G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, nítorí àìtó rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín wa, oògùn náà sì lè mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó ní in máa fọ́.

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tó ń gba tocilizumab, ẹ gbọ́ tiyín. Interleukin-6 ni oògùn yẹn ń dí lọ́nà, nítorí náà CRP yín á máa wà nílẹ̀ yálà àìsàn sùn tàbí kò sùn, kódà tí kòkòrò bá wọ ara yín. Tí ẹ bá wá sílé fún ìnáwó, tí ara yín gbóná tàbí tí ẹ ń wúkọ́, ẹ sọ fún dókítà ibí pé ẹ ń lo oògùn náà kó tó wo CRP kó sì ní kò sí nǹkan kan.

Oríkèé kan ṣoṣo tó wú lójijì, tó pọ́n, tó gbóná, tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, pàápàá tí ibà bá tẹ̀ lé e, kì í ṣe ti ìdúró de èsì láàbù. Kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀, ó sì lè ba oríkèé náà jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fa omi inú oríkèé náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró gbígbóná ra á tàbí kí ó sín in ní gbẹ́rẹ́ kí ẹ tó débẹ̀.